Ibi Tí Omi Ọmú Ń Gbà Jò

Nígbà tí Moyinolúwa wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, kò kí ọkọ rẹ̀ tó gbé ọmọ wọn dání. Ó gbé báàgì sórí àga, ó dúró síwájú rẹ̀ gbọnrangandan, ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa." Dúrójayé wò ó. Ẹ̀wù búlúù tí wọ́n ń wọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti rin gbindin láti orí ọmú òsì títí dé ìbàdí. Ibi tó ti ń gbẹ létí ti le, ó sì funfun bí ìgbà tí ẹ̀kọ mímu dà síni lára.

"Ó tún jò," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Dúrójayé la ẹnu, ó ní, "Kò lè jò."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Obìnrin dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, òórùn omi ọmú gba gbogbo pálọ̀, ọkùnrin ní kò lè jò. Àwọn kan wà tí òjò yóò pa ènìyàn wá bá wọn nílé, wọn yóò kọ́kọ́ yọjú wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó gbà pé òjò rọ̀.

Kì í ṣe pé ó burú o. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọmọ wọn, Olúwaṣemílóore, tí gbogbo ilé ń pè ní Lóore, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ohun tó ń jò náà. Ẹni tó bí ọmọ kì í tètè gbà pé ọmọ òun ń jalè.

Iṣẹ́ Dúrójayé ni pé kó ya àwòrán nǹkan èlò sórí kọ̀ǹpútà, kó sì fi rọ́bà ṣe é jáde. Ilé iṣẹ́ wọn wà ní Awoyaya, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé, létí títì gan-an. Àǹtí Fikáyọ̀ tó ń gbé ní VGC láàárín àwọn olówó ló ni ín. Ohun tí àwọn méjèèjì dì mọ́ láti ọdún tó kọjá ni pọ́ǹpù ọmú, ẹ̀rọ tí abiyamọ fi ń fún omi ọmú sílẹ̀ de ọmọ tí kò sí nítòsí. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní okùn, ó ní ìgò tó ń fì dirodiro níta, obìnrin sì ní láti sá wọ yàrá kó tó lè lò ó. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rí róbótó bí ààbọ̀ àgbọn, inú kọ́mú ló ń gbé, bátìrì kékeré ló ń mú un ṣiṣẹ́ láìpariwo, omi ọmú á sì máa ro sínú ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Ihò tóóró kan wà níwájú rẹ̀ lápá òkè. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà da omi ọmú sínú ìgò bó bá kún. Obìnrin lè wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá sì béèrè irú obìnrin tí wọ́n ṣe é fún, irú Moyinolúwa gan-an ni. Lakowe ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì àwọn kan tó ń ta ilẹ̀. Òun ló ń jókòó kọjú sí ẹnu ọ̀nà láti gba àlejò. Kò sí yàrá tí yóò sá wọ̀, àfi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí òun àti àwọn oníbàárà jọ ń lò. Ta ni yóò jókòó sójú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa fún oúnjẹ ọmọ sílẹ̀? Nítorí náà, nígbà tí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ parí, tìdùnnú-tìdùnnú ni Dúrójayé gbé pọ́ǹpù náà lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni àlàáfíà ti kúrò nílé.

Ohun tó da orí Dúrójayé rú ni pé pọ́ǹpù yìí kì í jò lọ́dọ̀ òun. Ó ní ọmọlangidi kan níbi iṣẹ́, irú èyí tí àwọn télọ̀ ń gbé aṣọ kọ́, aláìlórí, aláìlẹ́sẹ̀. Ó wọ kọ́mú fún un, ó rọ omi sínú pọ́ǹpù, ó fi í sí i láyà, ó ń mì í bí ẹni ń rìn, ó ń gbé e sọ̀ bí ẹni ń jókòó. Ó tilẹ̀ gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn méjèèjì jọ gba gbogbo kòtò Awoyaya lọ, wọ́n jọ gbà á bọ̀. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń bojú wẹ̀yìn wo ọkùnrin tó gbá obìnrin aláìlórí mọ́ra, ó ń tọrọ ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀. Pọ́ǹpù kò jò. Ẹ̀kán kan kò kán.

Àǹtí Fikáyọ̀ náà ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, òun náà sì ń wọ̀ ọ́. Ó ń wọ̀ ọ́ wa mọ́tò, ó ń wọ̀ ọ́ ṣèpàdé, ó ń wọ̀ ọ́ bá àwọn birikìlà tó ń kọ́lé rẹ̀ jà. Gbígbẹ báyìí ni. Nígbà tí Dúrójayé sọ ti ìyàwó rẹ̀ fún un, ẹ̀rín ló rín.

"Dúró, abeg, bi ìyàwó ẹ bó ṣe ń wọ̀ ọ́. Èmi wọ̀ ọ́ lọ sí Ìkẹjà, mo wọ̀ ọ́ bọ̀, not a drop!"

Ni Dúrójayé bá sọ ara rẹ̀ di tíṣà ìyàwó rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń dúró tì í níwájú jígí: gbé e sókè díẹ̀, má fún kọ́mú yẹn pa, tú u díẹ̀. Ó pààrọ̀ kọ́mú, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó ní bóyá ọmú òsì ló tóbi ju tọ̀tún lọ. Moyinolúwa á ṣe gbogbo rẹ̀, á lọ síbi iṣẹ́, á sì rin gbindin bọ̀. Ó tún wá ní àwọn ọjọ́ tí kì í jò rárá. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yọjú wá ra ilẹ̀, gbígbẹ ló gbẹ dé. Ní Sátidé kan tí àwọn ọ̀dọ́ kan wá wo ilẹ̀ láti Yábàá, gbígbẹ náà ni. Kí wá ni ká ti pe èyí? Ṣé ooru ni? Ṣé oúnjẹ tó jẹ ni? Dúrójayé ronú títí, ọ̀rọ̀ tojú sú u. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni òun àti ìyàwó rẹ̀, ó sì ti rò ó wò lọ́jọ́ kan pé kí òun gbé e tọ wòlíì lọ, ṣùgbọ́n ojú tì í. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé pọ́ǹpù ọmú síwájú pẹpẹ, kí wọ́n wá bi í pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó fi sọ pé kò lè jò. Moyinolúwa kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo, ì bá dáa. Ó gba Lóore lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu.

"Dádì Lóore," ó ní, "omi ọmú mi ti ń lọ sílẹ̀. Èyí tí mò ń fún ní ọ́fíìsì, ara mi ló ń dà sí. Àwọn oníbàárà ń wo àyà mi kí wọ́n tó wo ojú mi. I'm tired. Tí ẹ ò bá tíì mọ ibi tó ń gbà jò títí di Fúráìdè, mo ti ṣe tán. Màá jẹ́ kó gbẹ, ká ra mílíìkì alágolo fún un."

Ọ̀rọ̀ náà ba Dúrójayé lẹ́rù. Wọ́n ti dán mílíìkì alágolo wò lẹ́ẹ̀kan, Lóore bì í, ara rẹ̀ sú pọ̀ọ̀pọ̀ọ̀, àwọn méjèèjì ò sì mọ ẹni tí ì bá tu èkejì nínú. Láti inú oyún sì ni Moyinolúwa ti ń sọ pé ọmọ yìí yóò mu ọmú òun títí yóò fi rìn. Kì í ṣe ẹni tó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

"Ó dáa, sọ fún mi," ó ní. "Kí lo ṣe lónìí? Láti àárọ̀. Má fo nǹkan kan."

"Mo dé ọ́fíìsì, mo wọ̀ ọ́, mo jókòó. Mo gbé fóònù. Mo kí àwọn tó wọlé, mo fún wọn lómi, mo tún jókòó."

"O ò gbé nǹkan tó wúwo?"

"Rárá."

"O ò sáré?"

"Sáré lọ síbo?"

"O ò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́?"

Moyinolúwa dìde, ó gbé ọmọ wọ yàrá lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Dúrójayé fi rọ́bà tó nípọn sí i létí. Ó jò. Lọ́jọ́rú, ó dín agbára bátìrì kù. Ó jò. Lọ́jọ́bọ̀, kò ṣe nǹkan kan sí i, ó kàn ń wò ó lórí tábìlì, orí rẹ̀ ń hó. Ìgbà náà ló tó wá sí i lọ́kàn pé kí òun lọ sí Lakowe lọ fi ojú ara òun rí i. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò ti lọ láti ọjọ́ yìí. Ọmọlangidi wà nítòsí, kì í sì í jiyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí wọ́n tò fún oníbàárà, ó mú ìwé pélébé tí wọ́n fi ń polówó ilẹ̀ dání bí ẹni ń kà á. Moyinolúwa ti wọ pọ́ǹpù. Àfi ẹni tó bá mọ̀ ni yóò gbọ́ bó ṣe ń kùn fẹ́ẹ́rẹ́. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan wọlé, wọ́n wọ ṣòkòtò jíǹsì. "Good morning, ẹ káàbọ̀, please ẹ jókòó," ni Moyinolúwa wí láti ibi tó jókòó sí. Kò jò. Ó dìde fún wọn lómi. Kò jò. Ó gba fóònù, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Gbígbẹ. Dúrójayé yọ fóònù, ó kọ ọ́ sí Àǹtí Fikáyọ̀ pé, "Kò jò o." Ká má parọ́, èrò burúkú kan wá sí i lọ́kàn níjókòó tó jókòó náà. Ó rò ó pé àbí obìnrin yìí ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan sí i nígbà tí òun kò bá sí níbẹ̀? Ojú ti òun fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohun tó ń rò, ṣùgbọ́n ó ti rò ó ná.

Kò pẹ́ sí i ni ilẹ̀kùn ṣí, tí Bàbá Akínọ̀ṣọ́ wọlé. Àgbà Lakowe ni wọ́n, ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ tí ọ́fíìsì náà ń tà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni àwọn fúnra wọn tàbí àwọn ẹbí wọn ń wá béèrè nǹkan. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, àwọn àgbà méjì tẹ̀ lé wọn. Moyinolúwa yára dìde, ó yí tábìlì po, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀, ó tẹ orí ba.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ kì í ṣe irú àgbà tó ń sọ pé dìde ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ fún wọn, wọn á sanwó ìkúnlẹ̀ náà ní àdúrà. Ohùn Ìjẹ̀bú wọn rọra ń lọ sókè sódò. Wọ́n ní ọmọ tó bí, yóò tọ́ ọ, yóò jèrè rẹ̀. Àmín sà. Wọ́n ní kò ní ríbi lọ́nà Lakowe, kò ní ríbi lọ́nà Ajah. Àmín sà. Wọ́n ní oúnjẹ kò ní tán nínú ilé rẹ̀. Bí àdúrà ṣe ń gùn ni orí Moyinolúwa ń tẹ̀ sí i. Nígbà tí Bàbá parí, àwọn méjì tó wà lẹ́yìn gba tiwọn. Nígbà tí wọ́n ní kó dìde, tó dìde, ẹ̀wù búlúù ti tutù ní àyà. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń fẹ̀ sí i.

Dúrójayé fò dìde. Ó sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ó gbẹ! Kí lo ṣe sí i?"

"Dádì Lóore, ṣebí ojú yín ló ṣe? Ẹ wà níbí. Kí lẹ rí tí mo ṣe?"

Lóòótọ́, kò rí nǹkan kan. Ó ti tẹjú mọ́ ọn láti àárọ̀, kò sì rí nǹkan kan. Ó jókòó padà, inú rẹ̀ dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wo fáànù, ó wo fèrèsé. Ó wá wo ẹnu Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti tojú súni tán, kò sí ẹni tí a kì í fura sí? Ó rò ó pé gbígbẹ ni gbogbo nǹkan wà kí bàbá yìí tó lanu. Àdúrà wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù nínú, ó ń wo bàbá arúgbó láti igun yàrá bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Bàbá rí i. "Ta ni ọmọkùnrin yìí," wọ́n bi Moyinolúwa, "tó ń wo àgbà ràn-ìn tí kò kíni?"

"Ọkọ mi ni, sà," ni Moyinolúwa wí. Ó fi fáìlì kan bo àyà, ojú sì ń tì í lọ́nà méjì.

Sáàmù já mọ́ Dúrójayé lẹ́nu. Ilé tó ti jáde kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó sáré bọ́ síwájú, ó na gbọọrọ sórí táìsì. "Ẹ má bínú sà, Bàbá. Ẹ káàárọ̀ sà." Bí àyà rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ tú jáde. Báírò ń yí lọ, fóònù já, ìgò òróró àdúrà kékeré tó máa ń mú káàkiri yí títí ó fi kan ọ̀pá Bàbá.

Ó na ọwọ́ láti kó wọn, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà. Láti òwúrọ̀ ni nǹkan wọ̀nyí ti wà nínú àpò yẹn. Ó gun bọ́ọ̀sì pẹ̀lú wọn, ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó, ó dìde, ọ̀kankan kò jábọ́.

"Dìde, ọmọ mi, ó ti tó," ni Bàbá wí.

Kò dìde. Ó wà ní ìdọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ kọ báírò. Ó ń rántí ọmọlangidi tó ti mì sọ́tùn-ún tó ti mì sósì, tí kò tẹ orí rẹ̀ ba fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé ta ló ń fi ọmọlangidi kí àgbà? Ó ń rántí ọjọ́ òjò tí àlejò kò wá, àti àwọn ọ̀dọ́ Yábàá tí kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ kí. Ó rántí Àǹtí Fikáyọ̀. Ta ni Àǹtí Fikáyọ̀ ń kúnlẹ̀ fún? Òun ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún. Moyinolúwa sì ti sọ fún un lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun kí àwọn tó wọlé. Ẹni tó sọ ọ́ kò kà á sí, ẹni tó gbọ́ ọ kò kà á sí. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti lè dá dúró ló ti ń kúnlẹ̀. Bí ẹ bá bi í nírọ̀lẹ́ pé kí ló ṣe lónìí, yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, kò ní sọ pé òun kúnlẹ̀. Ta ló ń ka ìkíni mọ́ iṣẹ́?

Ó fò sókè. "Moyin! Ìkúnlẹ̀ ni! Bó o bá ti tẹ̀ ba, omi ọmú á ṣàn wá síwájú, á gba ojú ihò jáde! Ìkúnlẹ̀ tó ò ń kúnlẹ̀ ni!"

Ì bá dákẹ́ níbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú rẹ̀ ti dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó fi kún un pé, "Ó ti parí! Ṣáà ti má kúnlẹ̀ mọ́."

Àwọn àgbà mẹ́ta wojú ara wọn. Moyinolúwa wo ọkọ rẹ̀, omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Ṣé ẹ rí i," ó ní, "gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ ní mi ò mọ̀ ọ́n wọ̀. Ní báyìí, mi ò mọ èèyàn kí. Èmi náà ló ṣì jẹ̀bi."

Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ó ti wé pọ́ǹpù sínú ọ̀rá dúdú kan, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹ máa gbé e lọ. Mo ti ṣe tán."

Dúrójayé gbé ọ̀rá dúdú padà sí Awoyaya. Kò tíì rí irú ọjọ́ báyìí rí. Ó ti rí ohun tó ń wá, ó sì dà bí ẹni pé ìgbà náà gan-an ni nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Fikáyọ̀. Ẹnu ya obìnrin náà, ó gbá ọwọ́ pọ̀.

"Chai! Ìkúnlẹ̀! Ó dáa, easy. A máa kọ ọ́ sínú ìwé ìlò ẹ̀ ni: ẹ má tẹ̀ ba tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́."

Inú ì bá bí Dúrójayé, àmọ́ ohun tí òun náà sọ láàárọ̀ nìyẹn, ìtìjú sì ni kò jẹ́ kó bínú. "Àǹtí, ta ló máa ka ìwé yẹn fún Bàbá Akínọ̀ṣọ́?" ó bi í. "Ta ló máa kà á fún ìyá ọkọ? Àwọn obìnrin tá à ń ṣe é fún, gbogbo wọn ló ń kúnlẹ̀. Rọ́bà ló máa yí padà, kì í ṣe àwọn."

Àǹtí Fikáyọ̀ wo pọ́ǹpù inú ọ̀rá náà. "Màmá mi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi náà máa kúnlẹ̀," ó ní. Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Oya, tún un ṣe, jàre."

Dúrójayé ya ọ̀nà atẹ́gùn kúrò lára ihò iwájú, ó gbé e sẹ́yìn lápá òkè, níbi tí omi ọmú kò lè dé bí ènìyàn bá tẹ̀ ba. Ó fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó rí bí ahọ́n sínú ojú ihò iwájú tí wọ́n ń gbà da omi ọmú, kó lè jẹ́ pé bí omi ọmú bá rọ́ wá síwájú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ahọ́n náà pa. Ó lo gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sí i, ó tún padà síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ó gbé ọmọlangidi dojú bolẹ̀, kò jò. Ṣùgbọ́n kò gba ọmọlangidi gbọ́ mọ́.

Nígbà tó délé, Moyinolúwa wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ. Agolo mílíìkì kan wà lórí tábìlì tí wọn kò tíì ṣí. Ó kí i, obìnrin náà dáhùn "ẹ káàbọ̀" láìgbé ojú sókè. Dúrójayé wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó ti wọ kọ́mú ìyàwó rẹ̀ lé síńgílẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù tó kún fún omi sì wú síta ní àyà rẹ̀ òsì.

Moyinolúwa lanu. "Kí lèyí? Ṣé ara yín yá?"

Dúrójayé rìn wá síwájú rẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀, ó tẹ orí ba. "Ẹ káàsán mà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàdúrà fún mi. Ẹ jẹ́ kó gùn bíi ti Bàbá."

"Ẹ dìde jàre, kí aládùúgbò má bá yín báyìí."

"Ẹ ṣàdúrà."

Moyinolúwa wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń bọ̀. "Ẹ ò ní ríbi," ó ní, bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Àmín mà," ni Dúrójayé wí. Kó tó wí i tán, omi tútù ti gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rọ́bà jáde, ó ṣàn sí i láyà, ó gba ikùn dé ìdodo. Síńgílẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó wo ara rẹ̀. Ó rí i bí òun ṣe máa rìn báyìí láti Lakowe bọ̀ wálé, lójú gbogbo ayé, kí ẹnìkan sì wá sọ pé kò lè jò.

"Bóyá ẹ ò mọ̀ ọ́n wọ̀ ni," ni Moyinolúwa wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Dúrójayé lára ju omi lọ. Kò dìde. "Ó ń jò," ó ní. "O sọ fún mi pé ó ń jò, mi ò gbà ọ́ gbọ́. Má bínú."

Dúrójayé lọ mú àbẹ fẹ́lẹ́, ó gé etí ahọ́n rọ́bà náà kó lè bá ojú ihò mu dáadáa, ó tún rọ omi kún un, ó pààrọ̀ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó tún wá kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi iwájú orí kanlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Moyinolúwa gbé ọmọ lé èjìká, ó wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ títí, ó wá bẹ̀rẹ̀. "Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ tún gba ọmọlangidi gbọ́ ju ìyàwó yín lọ."

"Àmín mà."

"Ẹnu tí yóò máa sọ pé kò lè jò, Olúwa yóò fi kọ́kọ́rọ́ tì í."

"Àmín mà."

"Lójú àwọn àgbàlagbà, lẹ ní kí n má kúnlẹ̀ mọ́." Ìyẹn kì í ṣe àdúrà mọ́. "Wọ́n rò pé èmi ni mo kọ́ yín. Mo sunkún nínú ọ́fíìsì. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì."

Dúrójayé kò mọ̀ bóyá kí òun ṣe àmín tàbí kí òun má ṣe é. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Lóore rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí àwọn méjèèjì kò rí. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ dìde lórí àga, ó sì rí i lára pé ọwọ́ kan ti ń tọ́ àyà òun wò, lábẹ́ kọ́mú, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀.

"Ẹ lọ fọ̀ ọ́," ni Moyinolúwa wí. "Màá wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Dúrójayé gbójú sókè. "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ní ẹ lọ fọ̀ ọ́."

Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ bóyá òun á rí ìdáhùn níbẹ̀, kò rí èyí tó yé e. Ó bọ́ kọ́mú, ó gbé pọ́ǹpù dání, ó sì lọ gbé omi kaná.